Ìyá Olóúnjẹ, Màkí, àbí Alásè? Ibi tí ọmọ ilé-ìwé ti lè kọ́ṣẹ́ ìdáná l'Ájàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Bí ìdánwò BEPC, ti ìparí ọdún kẹrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì (ilé-ìwé girama), bá ti parí báyìí, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ìyá kan á pè láti Kétu, bàbá kan á pè láti Ouando l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń mú wá: “Àǹtí, ọmọ yìí fẹ́ràn ìdáná. Ìwé rẹ̀ ò burú, a ò sì fẹ́ kó fi í sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni ká mú un lọ?” Kí n tó la ẹnu, wọ́n á ti fi kún un pé ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ò rò ó pé eku méjèèjì lè má jáde nígbà kan náà. Èmi tí mò ń kọ èyí, ọdún kejì mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ń tọwọ́ bọ ìkòkò olóúnjẹ, mo sì gba BAC mi, ìwé ẹ̀rí ìparí girama. Òótọ́ ni pé ọdún kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín, mo máa sọ bó ṣe bọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní fi adùn ọbẹ̀ ṣe ìfiwéra yìí, mi ò sì ní fi òkìkí ọ̀gá ṣe é. Aago ni mo máa fi wọ̀n wọ́n: ìgbà wo ni iná ọ̀gá náà ń jó, ìgbà wo ni ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì?

Ẹ kọ́kọ́ wo aago ọmọ

Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Bẹ̀nẹ̀, kíláàsì àárọ̀ máa ń lọ títí di aago 12, ọmọ á lọ sinmi, á padà ní aago 3, ó di ìrọ̀lẹ́. Sátidé àti Sọ́ńdè ṣófo, àfi bí ẹ̀kọ́ àfikún bá wà. Ìsinmi ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù keje, títí di àárín oṣù kẹsàn-án. Ìdánwò CEP (ti ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀), BEPC àti BAC ń bọ́ sí àyíká oṣù kẹfà, mẹ́wàá lórí ogún sì ni gbogbo wa ń lé.

Àlàfo mẹ́ta ló wà nínú èyí: ìrọ̀lẹ́, òpin ọ̀sẹ̀, ìsinmi ńlá. Ẹlòmíràn á ní, ti ọ̀sán ńkọ́, láti 12 sí 3, wákàtí mẹ́ta gbáko? Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Àsìkò yẹn gan-an ni ebi ń pa gbogbo ìlú. Kò sí olóúnjẹ tó ráyè kọ́ ọmọ ní nǹkan kan nígbà náà. Abọ́ ló máa ní kó fọ̀, omi ló máa ní kó pọn. Ọmọ á padà sí kíláàsì ní aago 3 pẹ̀lú èéfín lára aṣọ kakí rẹ̀, kí tíṣà sì tó kọ déètì tán lójú pátákó, oorun ti gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà ńbẹ̀. Òfin iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1998 fi ọdún 14 lélẹ̀ fún ọmọ tó máa wọ iṣẹ́. Ọmọ ọdún 11 tó ń bá ìyá rẹ̀ bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, iṣẹ́ ilé ló ń ṣe. Tí wọ́n bá mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti di mìíràn nìyẹn. Bákan náà ni ọmọ tó wà ní kíláàsì BEPC tàbí ti BAC: kó jókòó sílé kàwé, kí oṣù keje dé. Àwọn tó wà láàárín ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí wà fún.

Ìyá olóúnjẹ: ilẹ̀kùn rẹ̀ gbòòrò, wákàtí rẹ̀ ló ṣòro

Ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ ló rọrùn jù láti wọlé. Ẹ mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà yín ló ń tà. Ìgò sódàbì (ògógóró) kan, owó díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àmọ́ olóúnjẹ ju olóúnjẹ lọ. Ti òwúrọ̀ wà, ti ọ̀sán wà, ti alẹ́ wà, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ á kan ìdin nínú iyọ̀.

Ti òwúrọ̀ ni ẹni tó ń ta àtàsì, ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Kò sí ìkóríta kan l'Ájàṣẹ́ tí ẹ ò ti ní rí i. Ẹ̀wà kì í tètè jinná. Kí oúnjẹ tó wà nílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní aago 6, òru ló ti dáná, nígbà tí àkùkọ ò tíì kọ rárá. Iṣẹ́ tó dáa ni, owó rẹ̀ sì ń yára wọlé, ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ní kíláàsì ní aago 8, ìyà lásán ni, àfi nínú ìsinmi.

Ti ọ̀sán ni oníyán, àti ẹni tó ń ro àmìwọ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí a fi omi ọbẹ̀ tòmátì rò títí tó fi pọ́n. Lọ́jọ́ kíláàsì, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ti alẹ́ ló bá ọmọ ilé-ìwé mu. Alákàrà, ẹlẹ́ja díndín, ẹni tó ń ta ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú ata. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé agbada kaná, aago 9 ló ń kó ilẹ̀. Ọmọ lè lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ò sì ní jìyà. Ọ̀dọ̀ alákàrà ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀, lápá Ouando, mo sì ń ṣàdúrà fún obìnrin náà títí dòní. Fún oṣù méjì, kò jẹ́ kí n ṣe ju bíbó ẹ̀wà lọ. Tí mo bá bó o tán tí ojú dúdú kan ṣẹ́kù lára rẹ̀, á mú ẹyọ ẹ̀wà yẹn sókè sójú àtùpà, á bi mí pé: “Èyí ń wò ẹ́, ìwọ ò rí i?” Ìgbà tó wá gbà kí n po ẹ̀wà lílọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń yí i po, láti ìsàlẹ̀ wá sókè, títí apá fi ro mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ ń pò sínú ẹ̀wà ló ń mú àkàrà wú. Tí o bá tètè bu iyọ̀ sí i tí o ò sì tètè dín in, á ṣomi, àkàrà á sì nà sínú epo bí ewé. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọwọ́.

Ẹlẹ́kọ náà dára ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ pín sí ọjọ́ púpọ̀. Àgbàdo á wà nínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, ògì á silẹ̀, á kan, kí wọ́n tó ro ó. Ọmọ lè rẹ àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kó sẹ́ ògì lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, kó sì dúró ti ìkòkò ní Sátidé. Kò pa kíláàsì kankan jẹ.

Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ iyán ni. Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) pàápàá, ọ̀nà ńlá tó gba ibẹ̀ lọ sí Parakou máa ń já àwọn awakọ̀ àti èrò sílẹ̀ lọ́sàn-án, odó ò sì ń dákẹ́. Kíláàsì ò gbà á, ìsinmi ńlá gbà á. Àsìkò yẹn náà sì ni iṣu tuntun ń jáde. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe ọdún iṣu ní Savalou, níbẹ̀ náà lágbègbè àwọn òkè. Àbúrò mi kan lo ìsinmi kan gbáko lọ́dọ̀ oníyán ní Ṣábẹ̀ẹ́. Iṣu tuntun bí i nínú títí. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń rọ̀ sọ́wọ́, kì í dúró bí iṣu tó ti gbó. Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá lè fi iṣu tuntun gún iyán tó dúró, ti oṣù kejìlá á dà bí eré lójú rẹ̀.

Ohun tí ìyá olóúnjẹ ò ní fún ọmọ ni oríṣiríṣi. Alákàrà á kọ́ ọ ní àkàrà, ó tán. Púpọ̀ nínú wọn kì í kọ owó sílẹ̀. Wọ́n mọ èrè wọn lọ́kàn, ọmọ ò sì lè rí inú ọkàn. Ìwé ẹ̀rí náà kì í sábà sí.

Màkí: ibi tí ọdún mi ti bọ́

Màkí, ìyẹn ilé oúnjẹ tí oníbàárà ti ń jókòó jẹun, ni gbogbo ọmọ ń fẹ́. Orin ń dún, fìríìjì wà, àpọ́rọ́nì funfun wà, adìẹ àti ẹja díndín ń jáde pẹ̀lú àlòkò (dòdò), kúsíkúsì, ẹ̀fọ́ tútù. Ó dà bíi sinimá lójú wọn. Lójú èmi náà tẹ́lẹ̀.

Mo wà ní kíláàsì BEPC nígbà náà (ohun tí mo ní kí ẹ má ṣe lókè yẹn gan-an ni mo ṣe). Ẹni tó ni màkí náà sọ fún àǹtí mi pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni, aago 5 sí aago 8. Wọ́n mú ìwé kan jáde, àǹtí mi tẹ̀ka, èmi fọwọ́ sí i. A ò kà á. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, aago 8 ni mo kúrò lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní ẹni tó ń fọ abọ́ ò wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ aago. Agogo 11 òru ni mo ń fi kànìnkànìn ha ìkòkò, tí mo sì ń ka orúkọ àwọn odò Áfíríkà sí ara mi létí. BEPC dé, mo gba mẹ́jọ àti díẹ̀ lórí ogún. Nígbà tí àǹtí mi lọ bá wọn, wọ́n fi ìwé han án: ọdún mẹ́ta la fọwọ́ sí, ẹni tó bá sì kúrò ṣáájú á fi owó tó san sílẹ̀. A fi í sílẹ̀. Mo tún kíláàsì ṣe.

Síbẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ màkí. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀bẹ, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe ń gé àlùbọ́sà kí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, kó lè jinná lẹ́ẹ̀kan. Bí a ṣe ń ṣètò gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó jókòó. Bí ẹran tútù ò ṣe gbọdọ̀ wà lórí pákó kan náà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí a ò ní sè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kó irú nǹkan wọ̀nyí jọ sí kókó márùn-ún láti ọdún 2001: ìmọ́tótó, kí tútù má kan jíjinná, kí oúnjẹ jinná dénú (ó kéré tán 70°C ní àárín gbùngbùn), kí a má fi í sílẹ̀ láàárín 5°C sí 60°C, kí omi àti èlò wá láti ibi tó mọ́. Wọ́n ní kí oúnjẹ jíjinná má ju wákàtí méjì lọ níta. Mo mọ àwọn ìyá olóúnjẹ tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìgbọ́ orúkọ àjọ kankan rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn.

Nítorí náà, màkí nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ó dáa gan-an. Màkí nígbà tí ilé-ìwé ti wọlé, rárá. Nínú ìsinmi pàápàá, ẹ la ojú yín. Tí wọ́n bá ní kí ọmọ wá láti àárọ̀ di òru, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, láìsan kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n pé ṣé ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń wá àbí òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́. Òṣìṣẹ́ ní owó tirẹ̀: láti ọdún 2023, 52 000 sẹ́fà lóṣù ni owó tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí.

Alásè: ẹni tí iná rẹ̀ ń jó nígbà tí ilé-ìwé bá tì

Èyí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí. Alásè kì í ní ṣọ́ọ̀bù, kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, ẹ ò ní bá a lẹ́bàá títì. Ẹ ti jẹun rẹ̀ nígbà ogún láìmọ ẹni tó sè é. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìkómọjáde, ọdún ẹgbẹ́: l'Ájàṣẹ́, kò sí Sátidé tí wọn kì í ta tàpólì sójú ọ̀nà kan.

Ẹ wo aago rẹ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó ń lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ Ẹtì ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kó ìkòkò lọ sí agboolé olóde. Òru Ẹtì mọ́jú Sátidé ni iṣẹ́. Ọ̀sán Sátidé, wọ́n ń bu oúnjẹ. Sọ́ńdè, ó ń sùn, ọmọ náà á sùn, á sì ráyè ka ìwé ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ajé, kíláàsì. Àfi bíi pé ilé-ìwé àti alásè jókòó pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn.

Ọdún tí mò ń tún kíláàsì ṣe ni mo bọ́ sọ́dọ̀ alásè kan. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Fún oṣù mẹ́fà, àlùbọ́sà ni mò ń bó. Àlùbọ́sà tó kún agbọ̀n, ojú mi á wú, Màmá á ní kí n bu omi sẹ́nu kí n má gbé e mì, pé omijé ò ní wá. (Irọ́ ni. Omijé ń wá. Àmọ́ kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ jù, bóyá ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.)

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ìkòkò lé mi lọ́wọ́, ìrẹsì ọlọ́ràá ni, èyí tí a sè nínú ọbẹ̀ tòmátì àti epo, àpò kílò 25 kan gbáko nínú ìkòkò kan, àwọn àlejò á tó igba. Mo rò pé iṣẹ́ mi ni kí n máa rò ó. Mo mú omorògùn, mo bẹ̀rẹ̀. Màmá gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tó wà, ó sáré dé, ó gba igi lọ́wọ́ mi. Kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi ìdáná jáde lábẹ́ ìkòkò, igi mẹ́rin, ó ku ẹyin iná nìkan. Ó ta ọ̀rá náílọ́ọ̀nù lé ojú ìrẹsì, ó gbé ìdérí lé e, ó kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ìdérí náà. Ó ní: “Ìrẹsì tó ti mu omi rẹ̀ tán, ooru ló kù tó ń fẹ́. Iná tí o bá fi sábẹ́ ẹ̀ nísinsìnyí, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń jẹ ẹ́.” Ó wá gbé etí rẹ̀ sún mọ́ ìkòkò, ó ní kí èmi náà tẹ́tí. Ìrẹsì ń sọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ nínú, bí òjò tó ń dá. Nígbà tí ìró yẹn bá dúró, ó ní, ó ti jinná.

Mi ò lè kọ́ èyí ní màkí. Abọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni màkí ń sè. Lọ́dọ̀ alásè, ọmọ á mọ bí a ṣe ń ṣírò: àlejò mélòó, ìrẹsì kílò mélòó, ẹran mélòó nínú abọ́ kan, owó mélòó ló kù fún èrè. Ìṣirò tí tíṣà ń kọ ní ojú pátákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ yé lọ́dún yẹn, torí pé mo ti rí i nínú agbọ̀n tòmátì. BEPC tí mo tún ṣe, mo gba mẹ́tàlá.

Alásè ní àléébù tirẹ̀, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́ ni òru. Ọmọbìnrin ọdún 15 tó ń sùn sínú agboolé àjèjì, láàárín àwọn tó ti mutí, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òbí bi alásè lójúkojú ni: níbo ni wọ́n ń sùn, ta ló wà pẹ̀lú wọn, ta ló ń mú ọmọ wálé? Màmá tèmi kì í jẹ́ kí a kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀, ẹnì kejì á tẹ̀ lé e. Bí alásè kan bá fi ẹ̀rín dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì, òde máa ń ṣọ̀wọ́n nínú oṣù ààwẹ̀ àti nínú Léńtì, ọmọ lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan jókòó. Ẹ̀kẹta á pa yín lẹ́rìn-ín: ọmọ tó mọ oúnjẹ igba ènìyàn lè máà mọ ti ènìyàn mẹ́rin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sè ọbẹ̀ fún àǹtí mi àti ọkọ rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló bá wa jẹ ẹ́.

Ní agboolé tiwa ní Kétu, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ló ń pé jọ sè, wọn kì í gba owó, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ló ń pàṣẹ. Tí ẹ bá ní irú ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí, kò sí ìdí láti sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí ọmọ lọ jókòó tì í ní òde mẹ́ta. Tó bá tún fẹ́ lọ ní ẹ̀kẹrin fúnra rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ìfẹ́ ìdáná wà lára rẹ̀ lóòótọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìdáná àti ìwé ẹ̀rí

Èyí kì í pẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní ìdáná àti iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì wà, owó rẹ̀ wọ́n, ìdúró ọjọ́ ni, kò sì bá kọ́lẹ́ẹ̀jì rìn papọ̀. Lẹ́yìn BEPC tàbí BAC ni kí ẹ rò ó. Bí ó bá jẹ́ ìwé tí ìjọba mọ̀ lẹ ń lé, ẹ bèèrè nípa CQP, ìwé ẹ̀rí ìjọba fún iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2005: ọdún mẹ́ta ni, ọmọ á máa lọ láàárín ọ̀dọ̀ ọ̀gá àti ilé-ẹ̀kọ́. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ìdáná wà níbi tí ẹ wà kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.

Ọmọ mìíràn wà tí kì í ṣe sísè ló fẹ́ràn, bí kò ṣe kí oúnjẹ má bàjẹ́: kó sọ èso di omi inú ìgò, kó sọ nǹkan oko di ohun títà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ mú un lọ wo Songhaï l'Ájàṣẹ́, tí Fádà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Kó kàn lọ wò ó ná. Oko, ẹja, ẹran ọ̀sìn, omi èso, gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, ọmọ á sì rí i pé iṣẹ́ oúnjẹ kò pin sí ìdí ààrò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ìgbà tí iná ń jó | Ìgbà tí ọmọ lè lọ | Ohun tí ọwọ́ á mọ̀ | Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ |
|---|---|---|---|---|
| Olóúnjẹ òwúrọ̀ tàbí ọ̀sán | òru sí aago 9. Aago 11 sí 3 | ìsinmi ńlá | àtàsì, iyán, ọjà rírà | oorun, abọ́ fífọ̀ |
| Olóúnjẹ alẹ́, ẹlẹ́kọ | aago 5 sí 9. Ẹlẹ́kọ, ọjọ́ púpọ̀ | ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀, Sátidé | oúnjẹ kan dé góńgó | kò sí ìwé ẹ̀rí |
| Màkí | ọ̀sán sí òru | oṣù keje àti ẹ̀kẹjọ nìkan | ọ̀bẹ, ìmọ́tótó, ìṣètò | ìwé tí a ò kà |
| Alásè | Ẹtì alẹ́ sí Sátidé | gbogbo ọdún, àyàfi àsìkò ìdánwò | oúnjẹ púpọ̀, ìṣirò, iná | ibi tí ọmọ ń sùn |

Ìwé àdéhùn, kí ọjọ́ tó pé

Òfin iṣẹ́ kan náà ti ọdún 1998 ní kí àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ní kíkọ. Àwọn olóúnjẹ kan á ní kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe láàárín ẹbí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kódà kó jẹ́ lórí ewé káyà (ìwé ìkọ̀wé) ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ó wà nínú rẹ̀ ni ọjọ́ àti aago tí ọmọ ń lọ, àti aago tí ó gbọ́dọ̀ kúrò, kì í ṣe “ìrọ̀lẹ́” lásán. Kí ó wà níbẹ̀ pé láti oṣù karùn-ún títí ìdánwò á fi parí, ọmọ ò ní wá. Kí ó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún: ọmọ tó ń wá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, ṣé ọdún mẹ́ta náà ni tirẹ̀ àbí wọ́n á ka àkókò tó fi wà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ti da ẹbí méjì rú níṣojú mi. Ẹni tó ń san owó sẹ́míjáàn (ọ̀kadà) nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, ẹ kọ ọ́.

Líbérásíọ̀n náà ńkọ́? Ọjọ́ tí ọ̀gá ń tú ọmọ sílẹ̀, aṣọ wà, oúnjẹ wà, díplómà tí wọ́n fi férémù sí wà, owó ọ̀gá wà. Ẹ bèèrè iye rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ ọmọ tó mọ iṣẹ́ tán tí ó tún fi ọdún kan gbáko sin ọ̀gá nítorí pé owó líbérásíọ̀n ò tíì pé. Ẹ kọ iye náà, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ọmọ náà ní ẹ̀dà tirẹ̀ nínú báàgì.

Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi

Ọmọ ọdún 14 tó wà ní Àjàṣẹ́, tí ìwé rẹ̀ wà láàárín: ẹlẹ́kọ tàbí alákàrà fún ọdún kan, kí a mọ̀ bóyá ó lè dúró lójú iná. Lẹ́yìn náà, alásè. Ní oṣù keje tí ó bá ti yege BEPC, màkí fún oṣù méjì, pẹ̀lú ìwé, kó lọ mọ ọ̀bẹ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: oníyán nínú ìsinmi, kò sí ohun tó tún dára jù ú lọ níbẹ̀, kó sì fi àkókò kíláàsì sílẹ̀ fún kíláàsì. Ọmọ Kétu tó ní àwọn ìyá nílé: ẹ má náwó. Ọmọ tí mẹ́wàá rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ogún, ìsinmi nìkan, ibikíbi tó wù ó jẹ́.

Ọmọkùnrin ńkọ́? Wọ́n máa ń bi mí, wọ́n á sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ lọ wo ẹni tó dúró ní ìdí iná nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì Cotonou, ọkùnrin pọ̀ níbẹ̀. Àwọn méjì ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ọ̀kan nínú wọn máa ń ti kíláàsì bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn, á gbé e kọ́ sórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, á bọ́ aṣọ kakí, á fà á gún, á tò ó sórí báàgì, kó tó mú ọ̀bẹ. Àlùbọ́sà ló wà báyìí. Ó ti lo oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ pè mí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín, ẹ pè kó tó di ọ̀sán Ẹtì. Tí a bá ti kó ìkòkò sọ́kọ̀, mi ò kì í gbé fóònù mọ́ títí di Sọ́ńdè.